Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Dákú ní Ìbàfò

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

Folúkẹ́ dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń wo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lateefah, ọmọbìnrin tó ń bá a tẹ ìwé, gbójú sí ògiri. Múdàṣírù fọkanáísà, tí àtíbàbà rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù náà, tẹjú mọ́ táyà tó ń lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé inú táyà ni ìdáhùn wà. Lásúnkànmí, tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò lè dáhùn ní tirẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́. Abẹ́ tábìlì ló wà, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fi ọwọ́ tọ okùn kíbọ́ọ̀dù láti ìdí dé orí, bó ti tọ̀ ọ́ lánàá, bó ti tọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kò sí ohun tó ṣe okùn náà.

Ó fẹ́ yọ orí síta, ó fi àtàrí gbá etí tábìlì. Lateefah rí i. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹ́ kó hàn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ẹnjiníà," ó ní. "Ṣé ẹ ti rí i lábẹ́ ibẹ̀? Àbí ó ti sá gba ẹ̀yìn?"

Lásúnkànmí fi ọwọ́ ra àtàrí. Ó mọ̀ pé òun ló jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ náà.

Kíbọ́ọ̀dù yẹn ló sọ gbogbo wọn di ológbò àti eku. Láàárọ̀, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Lateefah á jókòó tì í, ìka rẹ̀ á máa sáré bí òjò lórí páànù, ìwé á máa jáde. Tó bá wá di ìgbà kan lọ́sàn-án, kíbọ́ọ̀dù á dákú. Iná á máa tàn lára rẹ̀, máùsì á máa rìn lójú mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n Lateefah á tẹ̀ ẹ́ títí, lẹ́tà kan ṣoṣo kò ní yọjú. Bó bá pẹ́ díẹ̀, nígbà tí oníbàárà bá ti bínú lọ tán, á tún jí fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lánàá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe níjẹta.

Oníbàárà ìgbà náà kò sì ní sùúrù. Ọdún 2005 ni, ilẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń tà láti Ìbàfò dé Mówè. Ọmọ onílẹ̀ tó bá mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dání wá láti Ọ̀fàdà, tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé àdéhùn, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ti dákú báyìí, ọmọ onílẹ̀ á fa ènìyàn rẹ̀ lápá, wọ́n á sọdá títì márosẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Folúkẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sá fún tírélà. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ lásìkò náà á bẹ̀rù fún Lateefah.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Irin tín-ín-rín kan ló wọ́ nínú ẹnu okùn kíbọ́ọ̀dù. Lásúnkànmí wá láti Mówè, níbi tó háyà yàrá kan sí lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Ó rí irin náà, ó wá kíbọ́ọ̀dù mìíràn, ó pa á pọ̀, ó lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Folúkẹ́ kò gbà pé irin lè wọ́ fúnra rẹ̀. Òun àti Múdàṣírù ti ń fa ìjà tẹ́lẹ̀ lórí àtíbàbà tó bo pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú. Ó ní ẹni tó bo pátákó ẹni, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tí kò ṣí i, kò ní ṣàì wọlé wá ba ohun tó wà nínú jẹ́.

Bó ṣe gba Ifọ̀ lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó sì gbé àálẹ̀ bọ̀.

Àwọn mìíràn á so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ ìdí igi ọsàn, ó tó. Ìyá Folúkẹ́ kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ifọ̀, ohun tó sì mú nílẹ̀ ni ìṣó rélùwéè kan tó ti dípẹtà, irú ìṣó ńlá olórí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kan irin mọ́ igi. Ó wé àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó so ìkarahun mọ́ àkísà. Gbogbo rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ.

Folúkẹ́ gbé e sókè lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ tó dé. "Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ó ní, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Múdàṣírù, "ohun tó bá bá a, kó má pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́."

"Ìyá Fúnmi," Múdàṣírù dá Folúkẹ́ lóhùn, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, "ẹ ṣáà má gbé e sítòsí táyà oníbàárà mi. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ ihò tí àálẹ̀ bá lu."

Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí Lateefah bá dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ́ kírun, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ́ jẹun, Folúkẹ́ á pa mọ́nítọ̀ kí ó lè sinmi, á gbé àálẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù, á sì yí ẹnu ìkarahun sí ọ̀nà àtíbàbà Múdàṣírù. Òun nìkan ló ń gbé e lé e, òun nìkan ló ń gbé e kúrò. Kódà Lásúnkànmí, tó mọ ọ̀rọ̀ iná àti irin ju gbogbo wọn lọ, kì í fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Kò kàn rí ìdí tí òun fi ní láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dán an wò.

Kíbọ́ọ̀dù tuntun náà kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Èyí tí wọ́n tún fi rọ́pò rẹ̀ dákú.

Bí ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan bá pamọ́ fún Lásúnkànmí, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Á máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, á máa já èékánná jẹ, á jí lórí bẹ́ẹ̀dì á máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni sùúrù rẹ̀ tán. Kíbọ́ọ̀dù ti dákú lọ́wọ́ Lateefah lọ́jọ́ náà, Lásúnkànmí ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó tẹ lẹ́tà kan, ó fi ìka náà síbẹ̀, ó gbójú sókè wo mọ́nítọ̀. Lẹ́tà jáde. Ó tẹ òmíràn bẹ́ẹ̀, òun náà jáde. Ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì sọ ohun tí kò rò kó tó sọ.

"Lọ́wọ́ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹyin lohùn. Folúkẹ́ fi Múdàṣírù sílẹ̀ láti ọjọ́ náà, ó kọjú sí Lateefah. Lónìí yìí, kí ó tó bèèrè ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ó ti sọ ọ́ síta gbangba. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún dákú kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, Lateefah máa kó ẹrù rẹ̀ padà sí Àgbàdo. Folúkẹ́ fúnra rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e dé iwájú Alàájà Sọ̀fíyátù, ẹ̀gbọ́n ìyá Lateefah tó mú un wá síbi iṣẹ́, láti sọ fún un pé abanǹkanjẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tí wọ́n bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lé lọ, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì náà tó máa gbà á. Lateefah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Lásúnkànmí gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà. "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n wà níbí títí dìrọ̀lẹ́."

"Kí o máa ṣe kí ni?"

"Kí n máa wò ó."

"Àwọn tó ń wò ó ti pọ̀ jù," Folúkẹ́ ní. "Ẹni tó máa rí i ni mò ń wá."

Lateefah tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣẹ̀ rí. Lásúnkànmí ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ fura sí ni ẹ́ńjìnnì tí Múdàṣírù fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ìgbàkígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ògiri á máa gbọ̀n, kàlẹ́ńdà á máa jó lára ìṣó. Bí wáyà kan bá dẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè máa já a. Ó yọ orí sí Múdàṣírù.

"Bọ̀ọ̀dá Múdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan ẹ́ńjìnnì yín."

"Kò sí táyà nílẹ̀."

"Ẹ ṣáà tàn án."

"Ṣé ẹ̀kọ́ yunifásítì ni mo máa dà sínú táǹkì rẹ̀ ni?"

"Kò fẹ́ tàn án," Folúkẹ́ ní láti inú ilé. "Ẹ rí i? Ó mọ ohun tó wà ńbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Múdàṣírù. Ó dìde, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì náà tìbínú-tìbínú, ó sì jẹ́ kó máa bú títí tí èéfín fi bo ẹnu ọ̀nà. Ògiri gbọ̀n. Kàlẹ́ńdà jó. Lateefah ń tẹ̀wé lọ, gbogbo lẹ́tà ń jáde lẹ́sẹẹsẹ. Lásúnkànmí ní kí wọ́n pa á, wọ́n pa á. Ó ní kí wọ́n tún tàn án, wọ́n tàn án. Kíbọ́ọ̀dù kò mira.

Múdàṣírù pa ẹ́ńjìnnì, ó nu ọwọ́. "Ìyá Fúnmi," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún ìṣó yín pé kì í ṣe èmi. Kó yí ẹnu sí ibòmíràn."

Folúkẹ́ pòṣé.

Lásúnkànmí ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ jáde, èyí tó fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, tí kò dákú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Bí èyí náà bá dákú, a jẹ́ pé kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ni wàhálà. Lateefah ń wò ó bó ṣe ń ki okùn bọ ihò.

"Òkú mìíràn lẹ tún gbé dé yìí," ó ní.

"Tèmi ni. Ara rẹ̀ dá."

"Ara tèmi náà dá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ màdáámù mi."

Lásúnkànmí fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bó bá ní kó má bínú, á ní bíbínú kọ́ ló kàn, Àgbàdo ló kàn. Òótọ́ sì ni. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì.

Títí oòrùn fi dé àtàrí, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lateefah tẹ ìwé ìgbéyàwó, ó tẹ lẹ́tà ẹnì kan tó ń wáṣẹ́, ó tẹ ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan dé ìdajì, oníbàárà ní òun ń lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Folúkẹ́ kò jìnnà. Gbogbo ìgbà tí Lateefah bá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù láti yún ara, ojú Folúkẹ́ á tẹ̀ lé ọwọ́ náà lọ, á tẹ̀ lé e bọ̀.

Wọ́n pe ìrun Àyìlà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé. Lateefah dìde.

"Màdáámù, mo fẹ́ lọ kírun."

"Máa lọ," Folúkẹ́ ní. "Tí o bá dé ibẹ̀, bi Ọlọ́run léèrè ohun tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù mi. Ó lè jẹ́ pé ẹ jọ mọ̀ ọ́n."

Lateefah mú kẹ́tùlù rẹ̀, ó jáde. Folúkẹ́ pa mọ́nítọ̀, ó gbé àálẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù bó ti máa ń ṣe, ó yí ẹnu ìkarahun sóde. Lásúnkànmí rí i bí ènìyàn ṣe ń rí ẹni tó ń fi ọmọrí dé ìkòkò. Ojú rẹ̀ wà lára okùn, lára ihò iná, lára ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Kò sẹ́ni tó kọjá. Ó tilẹ̀ wo abẹ́ tábìlì bóyá eku ń bẹ níbẹ̀. Kò rí eku.

Lateefah dé, omi àlùwàlá ṣì wà létí ìbòrí rẹ̀. Folúkẹ́ gbé àálẹ̀ kúrò. Lateefah jókòó, ó tan mọ́nítọ̀, ó fi máùsì tẹ nǹkan kan kọjá, ó wá ìlà tó ti dúró nínú ìwé àdéhùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù.

Ìka rẹ̀ sáré. Nǹkan kan kò jáde.

Ó dúró. Ó tún gbìyànjú. Ó wo Lásúnkànmí, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà kò sí yẹ̀yẹ́ kankan lójú rẹ̀.

"Ó tán," Folúkẹ́ ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa báàgì Lateefah jáde lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀: abọ́ oúnjẹ, ìbòrí kejì, bàtà òjò. "Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mi. Mo sọ ọ́ tó. A máa lọ bá Alàájà."

"Màdáámù, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í kírun tán kí nǹkan bàjẹ́."

Lásúnkànmí ti dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dákú yìí, èyí tí kò dákú rí. Ó na ìka kan, ó tẹ lẹ́tà kan, ó fi síbẹ̀. Lẹ́tà jáde. Ó ti rí èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi ìwàǹwára sọ ohun tó túmọ̀ sí. Lónìí, ó dúró síbẹ̀, ó wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìka àlejò.

"Lateefah, wá tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

"Èmi kì í ṣe adìẹ tó ń ṣa àgbàdo."

"Jọ̀ọ́. Ìka kan. Tẹ̀ ẹ́, má tètè gbé ọwọ́."

Ó fẹ́ kọ̀. Ó wo báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Folúkẹ́, ó na ìka, ó tẹ lẹ́tà kan, ó fi síbẹ̀. Lẹ́tà náà jáde níwájú gbogbo wọn. Ó tẹ òmíràn. Ó jáde.

Lásúnkànmí sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó da ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bo kíbọ́ọ̀dù, ó ń sáré tẹ̀ ẹ́ bí Lateefah ṣe máa ń ṣe. Nǹkan kan kò jáde.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀," ó ní. "Ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́, bó bá sáré, kò ní gbà. Bó bá falẹ̀, á gbà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Èwo ni kí n wá gbà?" Folúkẹ́ bi í. "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o fi bà á jẹ́, àbí ti òní tí o fi ń bo ìdí rẹ̀?"

"Ti òní. Ẹ̀yin náà rí i."

"Ohun tí mo rí ni pé ó dákú. Èmi ò sọ bóyá sáré-sáré ló máa dákú tàbí jẹ́jẹ́."

Lásúnkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù tóóró náà, ó ń já èékánná jẹ, ó ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ ju bó ṣe ń sọ ọ́ fún wọn lọ. "Kíbọ́ọ̀dù kò kú. Ó ń gbọ́, ó kàn ń kọ̀ ni. Bí ó bá ń kọ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ní kó máa kọ̀. Tí Lateefah bá jókòó tì í láti òwúrọ̀, kì í ṣe nǹkan kan. Ó di ìgbà tó bá dìde, tó bá padà dé."

"Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn," Folúkẹ́ ní. "Kó sọ ohun tó ń ṣe sí i kó tó dìde."

Ojú Lateefah ti pọ́n. "Àálẹ̀ yín ń bẹ níbẹ̀, màdáámù. Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣì í mú. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ jẹ́ kó mú mi."

"Ó ń bọ̀ wá mú ọ. Kò kánjú."

"Ó ti tó ìgbà tí ẹ gbé e wá. Àbí ojú irin ló ṣì wà?"

Múdàṣírù, lẹ́nu ọ̀nà, fi ẹ̀rín bú sínú àkísà tó fi ń nu ọwọ́. Folúkẹ́ yíjú sí i, ó yára padà sídìí táyà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn báyìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Lásúnkànmí tún padà dé ìdí rẹ̀, tó sáré tẹ ìlà kan, gbogbo lẹ́tà jáde. Ó ti jí.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ ká ṣe gbogbo ohun tí a máa ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má yọ ohunkóhun kúrò. Lateefah máa dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ kírun. Dípò kó lọ, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo wa ti máa rí ọwọ́ rẹ̀."

Báàgì Lateefah ṣì wà lọ́wọ́ Folúkẹ́. "Bó bá dákú, ìwọ lo máa ru ẹrù rẹ̀ dé Àgbàdo. Ìwọ náà lo máa sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ fún Alàájà."

"Mo gbà."

"Mi ò ní kó bá mi ru nǹkan kan," Lateefah ní. Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àtẹ́lẹwọ́ síta, bí olè tí wọ́n ká mọ́ inú oko. Bẹ́ẹ̀ ló dúró, ojú rẹ̀ wà lára Folúkẹ́.

Folúkẹ́ gbé àálẹ̀. Ó fi sórí kíbọ́ọ̀dù, ó yí ẹnu ìkarahun sí ọ̀nà àtíbàbà. Ó na ọwọ́ láti pa mọ́nítọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Lásúnkànmí ní.

"Kó lè jó?"

"Kò ní jó. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń pa á, a kì í rí ojú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí."

Folúkẹ́ mí kanlẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Lásúnkànmí náà sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí tábìlì mọ́. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ wà lójú mọ́nítọ̀ ní ìdajì, ó dúró de ẹlẹ́rìí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Múdàṣírù ti fi táyà sílẹ̀, ó yọ orí wọlé lókè èjìká Lateefah.

Àpótí kékeré kan tó ní ọ̀rọ̀ nínú yọ lójú mọ́nítọ̀.

Kò sẹ́ni tó sún. Múdàṣírù nìkan ló yọ orí padà. "Mo ti sọ fún yín," ó ní láti òde. "Mo ti ní kí wọ́n má gbé nǹkan yẹn wá síbí."

"Àpótí yẹn náà kọ́?" Lateefah ní, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ojoojúmọ́ ni mo máa ń bá a níbẹ̀ tí mo bá padà dé. Mo máa ń tẹ OK kó lè kúrò lójú mi."

"O kò sọ fún mi," Lásúnkànmí ní.

"Ẹ kò bi mí. Ẹ ti mọ̀ pé èmi ni."

"Ṣé o kà á rí?"

"Ta ló ń ka àpótí?"

Lásúnkànmí náà kì í kà á. Ó rìn sún mọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mira. Ó tún kà á.

"Kí ló wí?" Folúkẹ́ bèèrè.

"Ó ní ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì Shift ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní tí a bá ti tẹ OK, òun ò ní ka ẹni tó bá ń sáré tẹ̀wé sí mọ́. Bí a bá wá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé á gbàgbé àṣẹ náà, á jí."

"Ẹnì kan?" Folúkẹ́ wo Lateefah lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ó wo òde, níbi tí Múdàṣírù wà. "Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Lásúnkànmí rọra gbé ojú kúrò lára mọ́nítọ̀, ó gbé e wá sílẹ̀. Ìdí ìṣó rélùwéè náà wà lórí tábìlì. Àkísà pupa wé e lọ́rùn, ẹnu ìkarahun kọjú sí àtíbàbà bí Folúkẹ́ ti yí i sí. Orí rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ, tó dípẹtà, jókòó sí igun ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, bó ti máa ń jókòó lójoojúmọ́, bọ́tìnnì Shift sì ti rì sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.